Èdè Kì í Foríbalẹ̀ fún Bọ́tìnì

Àwáwí kan ti di orin lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá tó mọ̀wé: wọ́n ní àmì ohùn kò ṣe é kọ lórí fóònù, pé bọ́tìnì kò tó, nítorí náà kí kálukú máa kọ Yorùbá láìsí àmì. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo Jàpáánì.

Oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni àwọn ará Jàpáánì ń lò pọ̀. Hiragana ní àmì ìpìlẹ̀ 46, katakana náà ní 46. Kanji, tí wọ́n yá lọ́wọ́ Ṣáínà, tí ìjọba kà sí èyí tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́, jẹ́ 2,136. Bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì 12 péré ni fóònù àtijọ́ fi ń kọ̀wé.

Wọn kò torí rẹ̀ sọ kanji nù. Wọ́n to hiragana sórí bọ́tìnì: “a, i, u, e, o” wà lórí 1, “ka, ki, ku, ke, ko” wà lórí 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ “ko” yóò tẹ 2 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá ti kọ ìró ọ̀rọ̀ tán, fóònù yóò to kanji tó bá a mu síwájú rẹ̀ kí ó mú èyí tó fẹ́. Nígbà tí fóònù olójú títẹ̀ dé, ọ̀nà tún yá sí i: a tẹ “ka”, a fa ìka sósì fún “ki”, sókè fún “ku”, sọ́tùn-ún fún “ke”, sísàlẹ̀ fún “ko”. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àbá ìjuwọ́sílẹ̀ kò ṣàìwáyé níbẹ̀. Ní 1866, Maejima Hisoka kọ̀wé sí ṣógùn tó ń ṣàkóso pé kí wọ́n pa kanji tì. Kanji kò kú. Ní 1978, Toshiba gbé ẹ̀rọ JW-10 jáde, tó ń sọ hiragana di kanji. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ fi bọ́tìnì fóònù kọ odidi ìtàn àròsọ, tí a tẹ̀ ní ìwé tí ó sì tà gan-an.

Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, àmì ohùn tí à ń kọ kò sì ju méjì lọ. Láìsí wọn, ta ni yóò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀? Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe fóònù kò fi ti Yorùbá ṣáájú, ẹyọ lẹ́tà kan sì lè gba títẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ará Jàpáánì tẹ márùn-ún, kò ráhùn, ó sì ń béèrè ẹ̀rọ tó dára jù títí ó fi rí i gbà. Oníṣòwò kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí Yorùbá bá ń kọ èdè rẹ̀ lábọ̀, ẹ̀rọ alábọ̀ ni yóò máa rí rà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.