Lẹ́tà sí Àwọn Káfíńtà Ẹ̀fọ̀n, Aràmọ̀kọ àti Ìjerò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ nílé pé ìdí tábìlì tẹ́tẹ́ ni mò ń jókòó sí ní Birmingham. Abẹ́ tábìlì náà ni mo máa ń wà, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. N kì í ta tẹ́tẹ́. Àwa là ń kan tábìlì tí wọ́n fi ń ta póókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, fún àwọn kasínò, ilé tẹ́tẹ́ ibí, kí ẹ bá mi fi ọkàn ìyá mi balẹ̀.

Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín, nítorí ó sún mọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tábìlì tí èèyàn mẹ́wàá lè jókòó yí ká máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì máa ń fẹ̀ ju mẹ́ta àbọ̀ lọ díẹ̀. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀: plywood kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, nítorí náà odindi kan ló ń yọ orí tábìlì kan. Igi birch là ń lò, láti Finland. Ti Rọ́ṣíà náà máa ń wọlé tẹ́lẹ̀, kí ogun Ukraine tó mú kí ìjọba ibí tilẹ̀kùn mọ́ ọn ní 2022. Lórí plywood yìí la ó lẹ fóòmù líle tó fẹ́lẹ́ mọ́, kí ìka lè ráyè wọ abẹ́ káàdì nígbà tí èèyàn bá fẹ́ he é. Lẹ́yìn náà ni aṣọ polyester tí omi kì í tètè wọ̀, torí ọtí á sáà dà sí i. A ó fà á le bí awọ ìlù, a ó yí etí rẹ̀ sí abẹ́, a ó sì fi píìnì kàn án mọ́bẹ̀. Ìgbátí tí wọ́n ń gbé apá lé ló kù, fóòmù tó nípọn tí a fi lẹ́dà bò.

Ìgbátí yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà wà. Nílé, bí a bá ń ṣe àga onítìmùtìmù, ìṣó àti gọ́ọ̀mù la fi ń parí ẹ̀; lọ́jọ́ tí fóòmù bá kú, àfi ká fọ́ igi. Kasínò kò lè gba bẹ́ẹ̀. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń lo tábìlì, aṣọ ń gbó, lẹ́dà ń ya. Nítorí náà bóòtù la fi ń de ìgbátí láti ìsàlẹ̀, tí bóòtù náà yóò wọ inú irin oníhò kékeré tí a ti rì sínú igi, kí títú àti dídè má ba ihò jẹ́. Láàárọ̀ kùtù, òṣìṣẹ́ wọn á tú bóòtù, á gbé ìgbátí kúrò, á pààrọ̀ aṣọ, á sì dè é padà kí oníbàárà tó dé. Ọ̀gá mi níbí kì í kọ́kọ́ wo pólíìṣì. Ṣe ló máa ń dojú tábìlì délẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń rà sí tábìlì kan pọ̀ ju ohun tí a ń kàn lọ. Aṣọ, fóòmù, àwo irin tí wọ́n ń to ẹyọ tẹ́tẹ́ (chips) sí, àpótí onítìípa tí owó ilé tẹ́tẹ́ ń jábọ́ sí: ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnìkan bá ní òyìnbó kò mọ iyì iṣẹ́ igi Èkìtì wa, ẹ rán an létí Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí, kó tó di gbẹ́nàgbẹ́nà ọba ní Ìsẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé àfihàn ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó, àga ọba tí wọ́n kàn ní Ìlú Ọba ló gbà dípò rẹ̀. Kí n má purọ́, pàṣípààrọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Káfíńtà Lọ́ńdọ̀nù lè kan irú àga bẹ́ẹ̀ mìíràn. Ta ni yóò tún gbẹ́ ilẹ̀kùn náà? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, ti àga ló jọ. Ogún tábìlì ni kasínò ń béèrè, ìgbátí tí ẹ bá sì gbé kúrò lára ìkẹta gbọ́dọ̀ wọ ìkeje wẹ́kú.

Bí ẹ bá fẹ́ máa kàn án ránṣẹ́ síbí, ẹ rántí pé òfin Nàìjíríà kò gbà ká kó gẹdú tàbí pákó lílà lásán jáde. Ohun tí a ti kàn parí ni kí ẹ máa rò. Àmọ́ ẹ má fi ìrókò tútù ṣe é o. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú ilé gbóná níbí, igi tí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ yóò ká, yóò sì là. Plywood kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ẹ̀, torí ìpele rẹ̀ ń dábùú ara wọn.

Ẹ má tíì ra aṣọ. Ẹ fi pátáànù kan gé orí méjì àti ìgbátí méjì, ẹ lu ihò bóòtù wọn, kí ẹ wá pààrọ̀ ìgbátí ti èkíní sí èkejì. Bí bóòtù gbogbo bá wọlé láìfi òòlù gbá a, ẹ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Birmingham