Ẹ Má Dáná Sun Bàálù Ọmọ Yẹn

  Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á tán, torí ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an la ń bá wí.

Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú kan láìpẹ́ yìí, ìyá kan nínú ìjọ dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ mú, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlá, ó fi ọwọ́ kejì gbé báàgì Ghana-must-go. Ó ní, "Dádì, ẹ gbà wá o. Ẹ̀mí ogun ti wọ inú ọmọ yìí." Ká tó bi í pé kí ló dé, ó ti da ohun tó wà nínú báàgì sórí tábìlì wa. Bàálù ni. Mọ́kànlá la kà. Páálí Indomie ló fi ṣe ara wọn, igi ìgbálẹ̀ ló fi ṣe egungun apá wọn, ó gé sílípáàsì tó ti já, ó fi ṣe táyà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ó kun ìrù rẹ̀ ní pupa fòò. Kí ló fi kùn ún? Kútẹ́ẹ̀sì ìyá rẹ̀. A fura pé ọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì yẹn wà lára ohun tó gbé màmá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀sùn tó fi kan ọmọ náà nìyí: kò sí fíìmù tó máa ń wò ju fíìmù ogun lọ. Tó bá ti wò ó tán, rúlà ló kàn. Ilẹ̀ á ṣú, kò ní jẹun. Ó ti ya bàálù kún inú ìwé ìṣirò rẹ̀ débi pé tíṣà ránṣẹ́ pe òbí.

Ká tó sọ ohun tá a ṣe, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, irú ìyá báyìí wá bá wa. Ọmọ tiẹ̀ náà ń fi páálí ṣe bàálù ogun. Lọ́jọ́ yẹn, a ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan. A ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a da kẹrosíìnì sí i, a ṣáná sí i, à ń pàṣẹ, ìjọ ń ṣe "Àmín" kíkankíkan. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Kò sunkún. Ó ti di géńdé báyìí. Tó bá wálé lọ́dún Àjíǹde, á dọ̀bálẹ̀ kí wa dáadáa, á sì kọjá lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa rí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, tọ̀tẹ̀ yìí, a ní kí màmá jókòó, a fún un lómi mu, a wá bi ọmọ pé, "Èwo lo fẹ́ràn jù nínú wọn?" Ó nawọ́ mú onírù pupa. Ó ní P-51 Mustang ni, inú fíìmù Red Tails tó jáde ní 2012 lòún ti rí i. Ó wá là á yé wa pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló wa bàálù yẹn nígbà ogun Hitler. Àwọn òyìnbó ibẹ̀ ti sọ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú ò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n lọ sí Ítálì, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn bàálù tó ń gbé bọ́ǹbù, wọ́n ń ṣọ́ wọn lọ, wọ́n ń ṣọ́ wọn bọ̀. Ìrù pupa ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. David Oyelowo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára àwọn tó ṣeré náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ń sọ gbogbo èyí o, àwa jókòó bí ọmọ ilé ìwé.

A ní, rúlà wá ńkọ́? Ó ní apá bàálù gidi, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 37. Nínú tòun, ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Nítorí náà, apá tòun gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 12 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, kó fi díẹ̀ gùn ju rúlà lọ. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe gùn jù, ó tú u. Ìkejì kúrú, ó tún un tú. Ẹ̀yin ará, ìṣirò tí wọ́n ní kò ráyè ṣe nìyẹn o! Màmá wo ọmọ, ó wo àwa, kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ṣé àwa tá a ń wàásù lójoojúmọ́ ti gbàgbé ìwọ̀n ọkọ̀ Nóà ni? Ìgbọ̀nwọ́ 300 ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga. Ọlọ́run ò sọ pé kó ṣáà kan nǹkan tó lè léfòó. Dáfídì náà, kó tó kú, ó gbé àpẹẹrẹ tẹ́ḿpìlì lé Sólómọ́nì lọ́wọ́, yàrá kọ̀ọ̀kan, títí dé ìwọ̀n wúrà tí wọ́n máa fi ṣe ohun èlò. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀n ṣe nǹkan kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ̀mí kan ń dà láàmú.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu wa pé kò sóhun tí ìyá yẹn rí tó fi ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a pe àwọn ọmọkùnrin inú ìjọ jọ, a gbé fíìmù yẹn sí ara ògiri gbọ̀ngàn kékeré, àwa náà jókòó tì wọ́n. Gbogbo ìgbà tí bàálù kan bá ti gbiná lójú ọ̀run, ariwo á sọ bí ìgbà tí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n ń kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ènìyàn ló wà nínú èyí tó ń jó yẹn, àmọ́ fíìmù ò jẹ́ kéèyàn rí ojú ẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Ẹ̀yin òbí, ohun tó ń dẹ́rù bà yín kì í ṣe irọ́.

Alàgbà kan tiẹ̀ pè wá lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni fíìmù ogun ń wá nínú ilé Ọlọ́run. A bọ̀wọ̀ fún bàbá. Àmọ́ ṣebí àwọn ọmọ yẹn ti ń wò ó lábẹ́ aṣọ ìbora, lórí fóònù, láìsí àgbà kankan níbẹ̀? Èwo ló sàn?

Ẹ gbọ́ ohun tá a rí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tó kù ń pariwo, ọmọ oníbàálù páálí ò pariwo. Ó ní, "Sà, ọta mélòó ló lè gba inú apá yẹn ná?" Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe apá bàálù, ó mọ bó ṣe tín-ín-rín tó. A lọ wádìí ẹ̀. Bàálù Spitfire tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ ogun yẹn ní ìbọn mẹ́jọ, ọta 300 fún ìkọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbọ́wọ́ kúrò, bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni gbogbo ẹ̀ máa tán! Ẹ kà á wò: ení, èjì, títí dé ẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tán. O wà lókè lọ́hùn-ún, àwọn tó fẹ́ pa ọ́ ṣì ń bọ̀. Nínú fíìmù, ọta kì í tán.

Kódà àwọn fíìmù tó gbìyànjú láti ṣe é bó ṣe rí gan-an, àtamọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Battle of Britain tó jáde ní 1969, bàálù gidi ni wọ́n fò, wọn ò tíì ní kọ̀ǹpútà tó lè yà á. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù kéékèèké tí wọ́n pè ní ti Jámánì nínú ẹ̀, orílẹ̀-èdè Spain ló kọ́ wọn lẹ́yìn ogun, ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà nímú wọn, irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Spitfire tí wọ́n ń bá jà! Ẹni tó bá ti fi rúlà wọn bàálù rí á rí i pé imú yẹn ò jọ ti Jámánì. Ẹni tí kò ṣe é rí, á gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ. Òun ló ń là á lójú.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, ó bá ECOMOG lọ sí Liberia láyé ijọ́sí. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kò sọ nǹkan kan títí fíìmù fi parí. Lẹ́yìn náà ló mú bàálù onírù pupa, ó gbé e sókè orí ọmọ náà, ó ní, "Nínú fíìmù tá a wò yìí, ibo lo wà? Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" Ọmọ ní, "Òkè ni, sà. Mo wà lọ́dọ̀ páìlọ́ọ̀tì." Bàbá ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé gbogbo wa sí. Èmi, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Alpha Jet tiwa ló ń kọjá, ti Nàìjíríà, àmọ́ tó o bá wà nísàlẹ̀, ariwo lo máa kọ́kọ́ gbọ́. O ò ní dúró wo àwọ̀ tí wọ́n fi kun ìrù ẹ̀. Wàá kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ ná." Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Àwa Ẹ̀gbá, ìsàlẹ̀ la ti wá. Àwọn tó sá fún ogun ló tẹ ìlú yìí dó ní 1830, Olúmọ ni wọ́n sá sí abẹ́ ẹ̀. Ní 1851, àwọn ọmọ ogun Dahomey dé ẹ̀yìn odi, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ń wo fíìmù ogun, ó yẹ kó máa wo ilẹ̀ nígbà míì, kó wo àwọn tó ń sá.

A tún sọ ti Rann fún wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2017, bàálù ogun orílẹ̀-èdè wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó ogunléndé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Àwọn tó ti sá fún Boko Haram ló wà níbẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross tó wá pín oúnjẹ. Ó kéré tán, 90 ẹ̀mí ló lọ. Àwọn ológun fẹnu ara wọn sọ pé àṣìṣe ni. A ò sọ èyí láti bú àwọn ọmọ ogun wa, a ní ọmọ láàárín wọn, a sì ń gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ gbogbo. Awakọ̀ yẹn kì í ṣe òṣìkà inú fíìmù. Láti òkè, àgọ́ jọ àgọ́. Ọmọ náà béèrè pé, "Ṣé páìlọ́ọ̀tì yẹn ti mọ̀ kó tó balẹ̀?" A ò lè dá a lóhùn.

Ohun kan tún dùn wá. Ọmọ yìí mọ àwọn ará Amẹ́ríkà, kò mọ ẹnì kankan nínú tiwa. Nínú ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ládùúgbò wa yìí, Paa Adatan wà níbẹ̀ tó ń fa ìlà sílẹ̀ de Hitler, a sì máa ń rẹ́rìn-ín tá a bá kà á. Lásìkò kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà lójú ọ̀run Jámánì. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́fíísà àti awakọ̀ òfuurufú nínú RAF, ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí fún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjànbá bàálù ló pa á ní 1945. Bankole Vivour lọ sí Nuremberg lóru ní 1944, kò padà. Johnny Smythe ti Freetown, ìlú tí àwọn Sàró baba ńlá ìjọ Ẹ̀gbá ti wá, Jámánì já bàálù ẹ̀ lulẹ̀ ní 1943, wọ́n mú un lẹ́rú ogun títí ogun fi parí; ó padà di agbẹjọ́rò àgbà fún Sierra Leone. Akin Shenbanjo ló ń bójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì nínú bàálù Halifax kan. Àwọn òyìnbó tó bá a ṣiṣẹ́ sọ bàálù náà ní "Achtung! The Black Prince" nítorí tiẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára imú ẹ̀. Fíìmù àwọn yìí ò dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin òbí, ó kù díẹ̀ ká ṣíwọ́. Ẹ má náwó tẹ́ ẹ ò ní sórí àwọn Airfix tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òyìnbó, páálí tó. Ẹ ṣọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò, ẹ ṣí fèrèsé, torí a mọ ohun tí àwọn ọmọ kan ń fi gọ́ọ̀mù ṣe ládùúgbò yìí. Réésà, kí àgbà wà níbẹ̀. Kí iṣẹ́ ilé ìwé ṣáájú. Ẹ sì jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń wo fíìmù, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè bàbá ṣọ́jà yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà wá bá wa pé ká fún òun ní páálí sípíkà tuntun tí ṣọ́ọ̀ṣì rà. Halifax ló fẹ́ ṣe. Apá ẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ènìyàn méje nínú ẹ̀; níbi ìwọ̀n tiẹ̀, ìyẹn tó ínṣì 33, páálí Indomie ò lè gbà á. A fún un. Lánàá, ó gbé ibi tó bá a dé wá fún wa wò. Kò tíì lápá, kò tíì nírù. Ṣùgbọ́n ó ti lẹ àga kékeré kan mọ́ abẹ́ ibi tí awakọ̀ máa jókòó. Ó ní ibẹ̀ ni oníwáyálẹ́ẹ̀sì máa ń wà nínú Halifax. Ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì kọ "Shenbanjo" sẹ́yìn àga náà. Ìyá rẹ̀ ló fún un.