Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Bijagós, kó kọ́kọ́ béèrè èèwọ̀ ibẹ̀

Ní ìkóríta Lapaz nílùú Accra, àwọn méètì tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ trotro kì í dákẹ́: Circle! Kaneshie! Bí ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ bá rí owó ìsinmi kó jọ, Dubai ló sábà máa ń dárúkọ. Agbára káká lẹ máa fi gbọ́ Bijagós lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún un láǹfààní láti wọ Guinea-Bissau láì gba físà, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀.

Erékùṣù bíi 88 ni Bijagós, nínú òkun Àtìláńtíìkì níwájú Guinea-Bissau. Nǹkan bí 20 péré lèèyàn ń gbé tọdún-tọdún. Ní Orango, erinmi máa ń wẹ̀ nínú omi iyọ̀. Ní Poilão, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjàpá òkun ló máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun ajogúnbá àgbáyé.

Àmọ́ kí UNESCO tó débẹ̀, èèwọ̀ ló ti ń ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ mímọ́ ni Poilão lójú àwọn ará erékùṣù Canhabaque. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́lé síbẹ̀. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá. Ká ní kò sí èèwọ̀ ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ni, oko àti ilé ì bá ti gba ibẹ̀ kí UNESCO tó mọ̀ ọ́n lọ́dún 2005.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú fi Bijagós sílẹ̀, pé àlejò ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù ti ń lọ pẹja ṣe fàájì níbẹ̀ tipẹ́, àwọn apẹja láti orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká náà sì ń lọ. Kò sí bí Bijagós ò ṣe ní gbàlejò. Irú àlejò tó ń bọ̀ ló yẹ kó jẹ wá lógún.

Àwọn àgbà Yorùbá tí ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana lọ́dún 1969 mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jẹ́ àlejò. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò lónìí: ẹ̀tọ́ láti wọ̀lú kò sọ àlejò di onílé.

Nítorí náà, kí aríìnàjò kọ́kọ́ wádìí ètò ààbò, torí àwọn ológun gbàjọba ní Guinea-Bissau ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Bó bá sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bissau dé Bubaque, kó gba ọmọ ìlú gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà, kó sùn sílé onílùú, kó sanwó tó tọ́. Kó má ya fọ́tò ètùtù láì gbàṣẹ. Ibi tí wọ́n bá ní kó má dé, kó má débẹ̀.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ kó gbéra ní Lapaz.