"N Kò Ráyè": Ta Ni Ó Gba Àkókò Lọ́wọ́ Ọ̀dọ́?



Gbólóhùn kan wà tí ó ti di orin ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Èkó. Gbólóhùn náà ni "N kò ráyè." A pè wọ́n sí ìpàdé, wọn kò ráyè. Ìyá wọn ránṣẹ́ láti ilé, wọn kò ráyè. Ará ilé kejì dùbúlẹ̀ àìsàn, wọn kò ráyè bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà a mi orí, wọn a ní ọ̀lẹ àti aláfẹ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ a rẹ́rìn-ín, wọn a ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí, pé ẹni tí yóò bá là kì í sùn.

Àwa kò gba ti àwọn àgbà wọ̀nyí, a kò sì gba ti àwọn ọ̀gá. Ohun tí a ń wí ni pé a ti gba àkókò lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láìsan owó rẹ̀, ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ sì ń fi èyí tí ó kù tọrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tó kí á sọ ọ́ síta.

ẸJẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ó

Ẹ jẹ́ kí á mú Àjàó Estate ní ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò yìí fi ara ti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ká ní ọ̀dọ́ kan ń gbé ibẹ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Victoria Island. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni agogo 8 àárọ̀ sí agogo 5 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú wákàtí 1 fún ìsinmi ọ̀sán.

Kí ó má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́, agogo 5 ìdájí ni ó ti jáde nílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà ní Oshodi-Isolo. Nítorí náà, bí kò bá rí kẹ̀kẹ́ Marwa, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé ibùdókọ̀ Seven and Eight. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọkọ̀ lọ sí Oshodi. Lóòótọ́, ìjọba ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ tí ó dára kò ní kí ọ̀nà má dí. Yóò tò sórí ìlà, yóò tún bá ọkọ̀ fà lórí afárá, kí ó tó dé Erékùṣù. Nígbà tí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ bá lù, ọ̀gá a ní, "Ẹ dúró ná." Agogo 7 ni yóò kúrò níbẹ̀, agogo 9 àbọ̀ alẹ́ ni yóò wọlé.

Wákàtí 16 àbọ̀ ni ó fi wà níta. Nínú rẹ̀, wákàtí 8 péré ni a san owó rẹ̀. Wákàtí 8 àbọ̀ yòókù bá ojú ọ̀nà lọ, ó bá ìsinmi ọ̀sán lọ, ó sì bá "ẹ dúró ná" lọ. Wákàtí 7 àbọ̀ ni ó kù nínú ọjọ́ náà. Bí ó bá sun wákàtí 6, wákàtí 1 àbọ̀ ni yóò fi wẹ̀, tí yóò fi jẹun, tí yóò fi fọ aṣọ, tí yóò fi bá ìyàwó àti ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń pè é ní aláfẹ́, inú èwo nínú wákàtí 1 àbọ̀ yìí ni ó ti ń gbafẹ́?

Èyí tí ó dájú ni pé owó ọkọ̀ kò dúró dè é. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Oṣù 14 kọjá kí òfin tó gbé owó oṣù tí ó kéré jùlọ kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Ní àárín oṣù wọ̀nyẹn, kí ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe? Púpọ̀ nínú wọn wá iṣẹ́ kejì kún ti àkọ́kọ́, oorun wọn ni wọ́n sì fi san án.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa dárúkọ ìsinmi. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 17, sọ pé ipò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó tọ́ tí ó sì bá ọmọ ènìyàn mu, àti pé kí ààyè wà fún ìgbafẹ́, fún àwùjọ, fún ẹ̀sìn àti fún àṣà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti to ìgbafẹ́ àti ẹ̀sìn sórí ìlà kan náà. Ó ṣeni láàánú pé abala yìí wà nínú apá kejì ìwé òfin náà, apá tí ènìyàn kò lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 1974 ní eyín. Abala 13 rẹ̀ sọ pé àdéhùn ni a fi ń mọ iye wákàtí iṣẹ́, àti pé wákàtí tí ó bá lé lórí àdéhùn, àfikún iṣẹ́ ni. Ó ní ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí 1. Ó ní láàárín ọjọ́ 7, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi odidi wákàtí 24 sinmi. Abala 18 sì ní ẹni tí ó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé àdéhùn tirẹ̀ ni odi rẹ̀. Mélòó nínú yín ni ó ti ka ìwé àdéhùn tirẹ̀ ju ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni kí òṣìṣẹ́ máa jà nítorí wákàtí, ẹ sọ fún un pé Èkó ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, Gómìnà McCallum yí wákàtí iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D. ní Èkó padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó tó 3,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 3, ìjọba amúnisìn tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ sì ní láti bá wọn ṣe àdéhùn. Ọdún 22 lẹ́yìn náà, ní 1919, ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sí wákàtí 8 lóòjọ́ àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Àwọn baba wa ti jà fún un kí àgbáyé tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa ọmọ wọn ni a ń fi í tọrẹ.

Ẹ̀MÍ NI Ó Ń BÁ A LỌ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àárẹ̀ lásán ni èyí. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ jùmọ̀ gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2016 nìkan, 745,000 ènìyàn ni ẹ̀gbà àti àrùn ọkàn pa lágbàáyé nítorí iṣẹ́ àṣejù. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu ẹ̀gbà tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo 8 tí ó ń parí ní agogo 7, ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ti pé wákàtí 55 níbi iṣẹ́ kí a tó ka ojú ọ̀nà mọ́ ọn.

Nínú Súúrà An-Naba'i, Ọlọ́hun Ọba ka oorun mọ́ àwọn ìdẹ̀ra Rẹ̀, Ó fi òru ṣe aṣọ ìbora, Ó sì fi ọ̀sán ṣe àkókò ìwá-ìjẹ. Ta ni ó wá fún ọ̀gá ní àṣẹ láti gba òru mọ́ ọ̀sán? Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ọkọ́ dáko láti òwúrọ̀ a jókòó ti ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé a sì gbọ́ àlọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ MÙSÙLÙMÍ

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń jókòó ní sàfù àkọ́kọ́ ni a kọ́kọ́ kọjú sí. Ẹ ń ra màálù ní Iléyá, ẹ ń fún aláìní ní oúnjẹ nínú Ràmàdáánì, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ fún yín kì í bá ilé rẹ̀ ṣínu, nítorí ẹ kò jẹ́ kí ó lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin a tètè lọ gba ibi rere nínú mọ́sálásí, òun a sì dúró ti ọjà. Ẹ̀yin kò ha mọ̀ pé Súúrà Al-Jumu'a tí ó ní kí á fi òwò sílẹ̀ nígbà ìpè náà ni ó ní kí á túká lẹ́yìn ìrun láti wá oore Ọlọ́hun? Ìrun kò ba òwò jẹ́.

A mọ èsì yín. Ẹ ó ní ọjà kò tà, ẹ ó ní bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ̀, igba ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yín náà ni ó dá yín lẹ́bi. Bí igba bá ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èé ṣe tí ẹ fi di iṣẹ́ ènìyàn méjì ru ẹnì kan? Bí iṣẹ́ bá gba wákàtí 10, ẹ san owó wákàtí 10, tàbí kí ẹ gba ẹnì kejì. Ẹni tí kò sùn a máa kọ nọ́ńbà sí ibi tí kò yẹ, ẹrù tí ó bá ṣì fi ránṣẹ́ kò sì ní mú èrè wá fún yín.

ẸYIN Ọ̀DỌ́ NÁÀ

Ẹ̀bi kù lọ́wọ́ yín. Wákàtí 1 àbọ̀ tí ó kù, ibo ni ó ń lọ? Ẹlòmíràn gbé fóònù dání títí di òru, ó ń wo ohun tí kò ní rántí lọ́la. Ẹlòmíràn fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ àti owó oúnjẹ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará England. Ẹlòmíràn ń yá owó ra aṣọ ẹbí ní Sátidé, ó sì ń sùn lórí tábìlì ní Mọ́ńdè. A kò ní kí ẹ má ṣe gbafẹ́. Ìgbafẹ́ ni a ń jà fún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tán yín lókun kò yẹ ní orúkọ ìsinmi.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ yé fi àìsùn yangàn. Ẹni tí ó ń dáhùn ọ̀gá lórí WhatsApp ní agogo 11 òru ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ wọn láti pa ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́.

Kí ni kí á ṣe? Èkíní, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ bèèrè iye wákàtí, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Èkejì, kí ẹ má dá nìkan lọ bá ọ̀gá. Ẹ jùmọ̀ lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àwọn ará P.W.D. ti jùmọ̀ dúró. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún òbí, fún ìyàwó tàbí ọkọ, fún ìwé kíkà, kí ẹ sì máa dáàbò bò ó bí ẹ ti ń dáàbò bo owó oṣù. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìmáàmù wa sọ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ nínú kútúbà, kí wọ́n má wo ojú ẹni tí ó kọ́ mọ́sálásí.

Owó tí ó bá sọnù, a lè rí i padà. Ọdún tí ọmọ fi kọ́ ìrìn tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé kò ní padà wá. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí àkókò wa, kí Ó sì fún wa ní ìgboyà láti gbà á padà. Àmín.