Ọ̀fẹ́ Tí À Ń Yá Owó San





Ọdún 1977 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ fagi lé owó ìkọ́ni ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Títí di òní ni wọ́n ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí o: ní 1978, kò ju ọdún kan lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, wọ́n ní kí Ali tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ máa lọ. Owó oúnjẹ òòjọ́ tí wọ́n gbé láti 50 kọ́bọ̀ sí ₦1.50 ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ l'Ékòó àti ní Zaria. Àṣé láti ìbẹ̀rẹ̀, ikùn ni ìjà wà.

Káfíńtà ni mí. Nígbà tí ọmọbìnrin mi wọlé sí ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì yìí, mo pa àkùkọ, mo ní ọ̀fẹ́ dé. Lóòótọ́, owó ìkọ́ni kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún un. Owó ìforúkọsílẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó ìlera, owó ilé ìkàwé, owó ìdánwò, àní owó aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìgbàwọlé! Yàrá inú ọgbà kò kàn án. Onílé tó wà níta ní owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lòun ń gbà. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń fági. Ọmọ ń mu gàrí sùn, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti yó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lu òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ NELFUND ń san owó fún ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ₦20,000 ni ti ìjẹun lóṣù. N kì í ṣe aláìmoore. Àmọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí la tún ń yáwó san sí? Ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, wọ́n ní kó máa dá a padà nínú owó oṣù. Bó bá ríṣẹ́ nìyẹn o.

Kí wọ́n kọ gbogbo owó ọdún kan, tilé toúnjẹ, sínú ìwé ìgbàwọlé, kí bàbá rí i kó tó pa àkùkọ. Kí wọ́n sì dá ilé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú padà sínú ọgbà. Ọmọ mi ṣì ku ọdún méjì. Àbúrò rẹ̀ náà ti ṣe JAMB.

Káfíńtà kan,
Ìkìrun.