Nígbà Tí Àlejò Bá Di Àtọ̀húnrìnwá

Ẹni tó bá ra ọjà púpọ̀ ní Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn, Gánà-mọ́sì-gó ló máa béèrè, báàgì ńlá onílà pupa, búlúù àti funfun yẹn. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n sí orúkọ yìí. Ìgbà tí orúkọ náà rọ̀ mọ́ ọn ni oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, ìdìbò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Àwọn ará Gánà tó ti ń kọ́ ọmọ wa níwèé, tí wọ́n ń bá wa mọlé, di ẹni tí wọ́n ń pariwo lé lórí lójú pópó.

Ọdún 1969 ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí àwọn tiwa. Lóṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní Gánà ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà wà lára wọn, tàwọn tọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀.

Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ẹnu ló kọ́kọ́ yí padà kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nínú ilé wa. Ní Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnká, ẹni tó gba yàrá kan, tó ń sanwó ilé déédéé, tó ń kí onílé láàárọ̀, àlejò wa ni, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ó ra ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ó dìde sọ̀rọ̀ nípàdé àdúgbò, kí ó ní òun fẹ́ dupò kánsẹ́lọ̀, ọjọ́ náà gan-an ló di àtọ̀húnrìnwá. Ibi tó ti wá kò yí padà láti àná. Ohun tó fẹ́ bá wọn pín ló dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi pe ènìyàn ní àtọ̀húnrìnwá, kí ó wo ohun tí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ ń ṣọ́.

Ìbàdàn sì ni ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ sí jù lọ. Àgọ́ ogun ni, tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829. Ọ̀yọ́ Ilé ni Olúyọ̀lé ti wá, Balógun Ìbíkúnlé ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, Ààrẹ Látòósà ti Ìlọrà wá, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni bàbá Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Síbẹ̀, nígbà tó yá, àwọn tó wá tẹ̀dó, tí Ìjẹ̀bú pọ̀ jù nínú wọn, ti ní láti dá ẹgbẹ́ Native Settlers' Union sílẹ̀ nítorí ọ̀ràn ilẹ̀. Ìjà náà wọnú òṣèlú, ó sì le kú láyé Adégòkè Adélabú, olóṣèlú ọmọ Ìbàdàn nì.

Àwọn kan yóò ní orúkọ lásán ni, pé orúkọ kì í pààyàn. Kí wọ́n rántí ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà ṣẹ̀ láàárín aláàárù kan àti ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ọ̀ràn ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjà Yorùbá àti Hausa ni wọ́n sọ ọ́ dà lẹ́nu. Ẹ̀mí ṣòfò sí i, wọ́n jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì ti ọjà náà pa. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró. Ìyálọ́jà tó ń ta tòmátò ní Ọjà'ba kò mọ aláàárù, kò mọ aṣebàtà, ṣùgbọ́n òun náà jẹ nínú gbèsè ìjà tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà pè. Ẹni tó bá jalè, olè ni kí wọ́n pè é; ẹni tó bá pààyàn, apààyàn ni. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu wọn làwọn ará ọjà ń gbọ́.

Yorùbá a máa pe ẹni tí èdè rẹ̀ kò yé e ní kòbòkóbò. Ní Gúúsù Áfíríkà, makwerekwere ni wọ́n ń pe àwa náà, wọ́n sì ń sín èdè wa jẹ. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú Air Peace kó àwọn ọmọ wa tó ń sá fún ìkọlù sí àwọn àjèjì níbẹ̀ wálé, gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

Òfin ilẹ̀ wa gan-an ló sì ń fún ọ̀rọ̀ àtọ̀húnrìnwá yìí lágbára. Abala 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kọ̀ kí wọ́n fi ibi tí ènìyàn ti wá rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n abala 318 sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan ni ẹni ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní ẹ̀yìn Màpó, tó dàgbà síbẹ̀, tó ń san owó orí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn òbí àgbà rẹ̀ ti Ọ̀fà wá, Kwara ni òfin ṣì kà á sí. Àwọn aṣòfin ní agbára láti yí abala yìí padà, kí iye ọdún tí ènìyàn ti gbé ìlú tó sì ti sanwó orí níbẹ̀ tó láti sọ ọ́ di ẹni ibẹ̀.