Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Irun Ọmọ Ajá Husky

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Òwe náà dára, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lò ó ní ìlòkulò. Ìdí nìyí tí a fi mú gègé wa lọ́tẹ̀ yìí. Ajá la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀rọ̀ ajá.

Ohun tó fa á rèé. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó tó ra ọmọ ajá Husky. Ẹni tó tà á fún un fi ìyá rẹ̀ hàn án, ó fi àwòrán bàbá rẹ̀ hàn án, irun àwọn méjèèjì kò gùn rárá. Ọkùnrin náà búra pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọmọ yóò rí bó bá dàgbà. Kí ọdún tó yí po, irun ti bo etí ajá náà, ìrù rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀, irun ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bínú, ó ní òun fẹ́ gba owó òun padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò fa ajá náà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní olè ni ẹni tó ta ajá. Àwọn mìíràn ní ajá àdúgbò kan ló fo ògiri wọlé lóru. Èrò tiwa ni pé ó ṣeé ṣe kí ìyá ajá má jẹ̀bi, kí ẹni tó tà á má sì purọ́. Ẹ̀bi tirẹ̀ ni pé ó búra lórí ohun tí ojú kò lè rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ajá tí à ń wí. Àwọn ará Chukchi, tí ń gbé ní ìkángun àríwá ìlà-oòrùn Siberia, ló tọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ dàgbà. Ajá tí ń fa ọkọ̀ orí yìnyín ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ẹrù tí kò wúwo jù lọ sí ọ̀nà jíjìn láì tètè rẹ̀ ẹ́. Ní 1909 ni wọ́n kó wọn wá sí ìdíje ńlá ní ìlú Nome ní Alaska, tí àwọn ènìyàn ń wò wọ́n pé wọ́n ti kéré jù. Nígbà tó di 1910, àwọn ajá Siberia yìí kan náà ló gbégbá orókè. Ní 1930 ni American Kennel Club gba irú ajá náà sínú ìwé wọn ní Amẹ́ríkà.

Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì. Ti ìsàlẹ̀ rọ̀, ó sì ki bí òwú. Òun ló ń mú kí ara gbóná. Ti òkè gùn jù ú lọ, ó sì le díẹ̀. Òun ló ń dáàbò bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ omi àti yìnyín. Ìlànà tí àwọn olùsìn ajá ń tẹ̀ lé ni pé kí irun náà wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má gùn débi tí yóò fi bo ìrísí ara ajá náà mọ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge lásán. Bí irun bá gùn jù, yìnyín a máa dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ àti lábẹ́ ikùn, bó bá sì tutù, kì í tètè gbẹ. Irú èyí tí irun rẹ̀ gùn ju ìlànà lọ ni àwọn olùsìn ajá ń pè ní “woolly”, bí ẹni pé irun àgùntàn ló wọ̀.

Ǹjẹ́ a lè wo ọmọ ajá kí a mọ bí irun rẹ̀ yóò ti gùn tó? A lè fojú dá a dé àyè kan. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa wo ẹ̀yìn etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti ìrù. Bí irun ibẹ̀ bá gùn, tó rọ̀, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bí ọmọ ajá náà bá rí bùkẹ̀tẹ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, nígbà tí ti àwọn tí a jọ bí wọn lẹ̀ mọ́ ara, ó ṣeé ṣe kí irun rẹ̀ gùn. Ohun pàtàkì ni pé kí a fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé e wò ní òun nìkan, gbogbo ọmọ Husky ló rí bùkẹ̀tẹ̀.

Ṣùgbọ́n irun ọmọdé ni ìyẹn, rírẹ̀ ni yóò sì rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni irun àgbà ti ń yọ, ó sì lè gbà tó ọdún kan sí méjì kí ó tó pé tán. Láàárín ìgbà náà, ajá lè rí gánnagànna bí ọ̀dọ́langba tí aṣọ kò bá lára mu. Ẹni tó bá fi ojú oṣù méjì búra fún ti ọdún méjì, àfọ̀njá ló ń ta fún wa.

Níbo wá ni àṣírí náà wà? Nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ní 2006 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní FGF5 ló ń pàṣẹ gígùn irun ajá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún irun pé, “Ó tó, dúró níbẹ̀.” Ajá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ẹ̀dà méjèèjì bá yingin, irun yóò máa gùn kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan péré bá pé, ẹyọ kan náà tó iṣẹ́ ọ̀hún í ṣe. Nítorí náà, ajá tó ní ọ̀kan pípé àti ọ̀kan tó yingin yóò ní irun bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè dá a mọ̀. Ó ń ru ẹrù tí òun pàápàá kò mọ̀ pé òun rù.

Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ méjì bá wá bímọ pọ̀ ńkọ́? Ní orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Nínú ọ̀kan, ọmọ yóò gba ẹ̀dà pípé méjì. Nínú méjì, yóò gba ọ̀kan pípé, ọ̀kan tó yingin, bí àwọn òbí rẹ̀. Nínú ọ̀kan tó kù, méjì tó yingin ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, irun rẹ̀ yóò sì gùn. Ẹ rí i pé ìyá kò dalẹ̀, bàbá kì í sì í ṣe ajá àdúgbò. Àwọn òbí méjì tí irun wọn wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló bí onírun gígùn.

Àwọn baba wa kò mọ orúkọ jíìnì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Mélòó nínú wa ni wọn kò wí fún pé, “Ìyá bàbá rẹ lo jọ, o kò jọ bàbá rẹ”? Wọ́n mọ̀ pé ohun kan lè fi ara pamọ́ fún ìran kan kí ó tó yọ jáde ní ìran kejì. Nítorí náà, ẹni bíni là á jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó bíni kò mọ sí bàbá àti ìyá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni àyẹ̀wò DNA. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, nínú àyẹ̀wò pàápàá, ọgbọ́n wà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ jẹ́ kó yé wa pé ọ̀nà tí FGF5 fi ń yingin ju ẹyọ kan lọ, àti pé Husky wà lára àwọn ajá tí èyí kàn. Bí ilé àyẹ̀wò bá wá ẹyọ kan péré, ó lè sọ pé ọwọ́ ajá mọ́ nígbà tí kò mọ́. Nítorí náà, kò tó kí ẹni tó ń ta ajá sọ pé òun ti ṣe àyẹ̀wò. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ibi tí a ń lọ la dé yìí. Ìṣirò ọ̀kan nínú mẹ́rin tí a ṣe lórí irun ajá, òun náà ni ìṣirò AS àti AS. Ní orílẹ̀-èdè wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń ru S. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń jó ní alẹ́ àríyá ẹgbẹ́, ojú kò lè dá a mọ̀. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ nínú ọgbà yìí pé, “Kò sí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ nílé wa, ẹ wo bí ara gbogbo wa ti le.” Ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ajá fún ẹ̀gbọ́n wa kọ́ nìyẹn? Irun ajá tó gùn, kóòmù lásán ló ń fẹ́. Ti ọmọ tí fòní-kú-fọ̀la-dìde bá ń bá jà, ìrora ni, owó ni, òru àìsùn ni.

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tó ń sọ pé bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀. Ajá lè bí mẹ́fà kí ẹyọ kan má ní irun gígùn, ó sì lè bí mẹ́fà kí mẹ́ta ní in.

Àṣìṣe kẹta kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Irú ẹ̀jẹ̀ C wà láàárín wa. Ẹni tó jẹ́ AC a máa rò pé nítorí pé òun kì í ṣe AS, kò sí ẹni tí òun kò lè fẹ́. Bí AC bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SC, àìsàn náà sì ni SC pẹ̀lú. Gẹ́gẹ́ bí ti FGF5, ọ̀nà tí nǹkan fi ń yingin ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, ẹ ṣe é ní ibi tó dára, ẹ tún un ṣe ní ibòmíràn, kí ìfẹ́ tó wọra. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì ká wa lára jù. Ọmọ tó ti dé kì í ṣe ẹni ìtìjú. Ní 1913 ni wọ́n bí ajá Siberia kan tí wọ́n sọ ní Togo. Orúkọ ọ̀gágun ojú omi ará Japan kan ni, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa. Ó kéré, ó ń ṣàìsàn, ó sì ya pòkíì. Ọ̀gá rẹ̀, Leonhard Seppala, rò pé kò wúlò, ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ajá náà fò gba ojú fèrèsé onígíláàsì, ó sì sá padà wálé. Nígbà tí àrùn gbọ̀fungbọ̀fun kọ lu Nome ní 1925, nǹkan bí ogún awakọ̀ àti ajá wọn ló gba oògùn náà lọ́wọ́ ara wọn la yìnyín já, ìrìn àjò tó lé ní máìlì 670. Togo ló ṣáájú àwọn ajá tó rin apá tó jìn jù lọ. Ta ló lè fojú oṣù méjì mọ èyí?

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí. Kí ẹni tó ń sin ajá yẹ bàbá àti ìyá wò kó tó mú wọn pọ̀, kó sì sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń rà á. Kí ẹni tó fẹ́ ra Husky kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ajá yìnyín lè rí ibòji, omi àti afẹ́fẹ́ tútù lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn wa, kó tó máa bèèrè gígùn irun. Kí ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó ra kóòmù, kí ó má fá irun ajá náà, kí ó sì má lé e jáde, ìwà lẹwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe fi akẹgbẹ́ wa tó jẹ́ SS tàbí SC ṣe ẹni àánú tàbí ẹni ẹ̀gàn. Kò yan èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwa tí a kò tíì bímọ la ṣì lè yàn.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ajá tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A ti fun fèrè tiwa o.